Apá Tí Kò Gòkè Mọ́

Bí ọmọdé bá jókòó sábẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí, oorun ló máa ń sùn. Irun tí ìyá ọmọ á fọwọ́ kàn nílé tí igbe á gba àdúgbò kan, tí àwọn èèyàn á máa béèrè pé ta ni wọ́n ń pa, obìnrin yìí á dì í tán, ọmọ á ṣì máa hanrun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Àga méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni tirẹ̀. Èkejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà ìfọrun, ti Ìyàwó ni, ìyẹn ìyàwó àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.

Ìyàwó mọ irun dì. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àga rẹ̀ máa ń ṣófo. Àwọn oníbàárà á jókòó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa fi ìwé ìròyìn fẹ́ra. Bí Ìyàwó bá ní, "Ẹ wá síbí, ọwọ́ mi dilẹ̀," wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá là ń dúró dè."

Ó lè fara da ìyẹn. Èyí tí kò lè fara dà ni ti ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí ṣọ́ọ̀bù kún. Oníbàárà kan ti gbà kí Ìyàwó di irun òun, Ìyàwó sì ti dì í dé ìdajì. Ọ̀gá ń kọjá lọ mú òòyà, ó wo orí obìnrin náà, ó dúró.

"Ìyàwó, orí èèyàn lò ń dì yìí, àbí ẹrù igi?"

Ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun náà lójú gbogbo ayé, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n bó ṣe ń tú u. Ẹni tí wọ́n ń tú irun rẹ̀ gan-an ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ eyín nìkan ló funfun. Ó ń wo apá Ọ̀gá tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ láìrọ́jú, láìrẹ̀. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé: apá yìí. Apá yìí náà ni.

*

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ tó ń tún agboòrùn ṣe. Bàbá Agboòrùn ni wọ́n ń pè é. Àwọn irin agboòrùn tó ti kán ló kún iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí egungun ẹja ńláńlá. Ẹni tó bá mú agboòrùn wá, iwájú ló máa dúró sí. Ẹni tí kò bá mú agboòrùn wá, wọn kì í bi í ní ìbéèrè, ẹ̀yìn ni wọ́n ń júwe fún un.

Ìyàwó ò mú agboòrùn lọ́wọ́.

Yàrá ẹ̀yìn náà ò ní fèrèsé. Òórùn rọ́bà tó jóná wà níbẹ̀, òórùn mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí Ìyàwó ò fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́. Bàbá Agboòrùn ò gbójú sókè.

"Èèyàn ni àbí ilẹ̀?"

"Èèyàn ni, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni."

"Ṣé o fẹ́ kó kú?"

"Háà! Rárá o! Mi ò sọ pé kó kú. Kí apá ẹ̀ ṣáà má gòkè mọ́ ni. Apá ọ̀tún."

Ọkùnrin náà wá gbójú sókè, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Aláàánú obìnrin," ló wí. "Lọ mú aṣọ tó ti mu òógùn abíyá ẹ̀ wá."

Aṣọ iṣẹ́ Ọ̀gá, aláwọ̀ búlúù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń fi í kọ́. Ìyàwó dé ṣáájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kejì, ó fi sísọ́ọ̀sì gé apá ọ̀tún rẹ̀ kúrò. Nígbà tí Ọ̀gá mú aṣọ náà, ó gbé e sókè síta, ó wo ibi tí wọ́n ti gé e.

"Ta ló gé apá aṣọ mi?"

"Bóyá eku ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀gá fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n gé, tó lọ tààrà bí ojú ọ̀nà tuntun. "Eku ilé yìí mà ti ń lo sísọ́ọ̀sì," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ náà, ó sì fi sínú àpò rẹ̀.

Ní yàrá ẹ̀yìn, Bàbá Agboòrùn mú agboòrùn dúdú kan, ó pa á dé, ó fi apá aṣọ náà dì í yí ká, ó dì í mọ́ra títí irin inú rẹ̀ fi dún. Ó jẹ nǹkan lẹ́nu, ó tu ú sí i, ó sì fi ẹnu kàn án bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí fún ọmọ ìkókó. Ìyàwó ò gbọ́ ohun tó sọ. Irun ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́, gbogbo wọn dìde.

"Bó ṣe pa dé yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni apá ẹ̀ yóò pa dé," ni ọkùnrin náà wí. "Má ṣí i. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i."

"Bí wọ́n bá ṣí i ńkọ́, Bàbá?"

Ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ."

*

Ìyàwó fi agboòrùn náà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ nílé. Ó ń dúró. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó ti ń rò ó pé wọ́n ti fi òun ṣe ọ̀bọ, àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Ọ̀gá na ọwọ́ sí pẹpẹ òkè láti mú òwú ìdìrun. Ọwọ́ náà dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró.

"Yéè!"

Gbogbo wọn yíjú. Ọ̀gá di èjìká mú, ojú rẹ̀ ti fún pọ̀. "Kò sí nǹkan," ló wí. "Ó kàn ta mí ni."

Ó ta á lọ́jọ́ kejì. Ó ta á lọ́jọ́ kẹta. Kò pẹ́ tí kò fi lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn mọ́. Ó ní bí òun bá ṣèèṣì yí sí i lójú oorun, bí ẹni pé wọ́n ki irin gbígbóná bọ inú oríkèé òun ni. Tó bá yá, ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Kò dé orí. Kò dé ẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a fa síìpù aṣọ. Ẹlòmíràn gbìyànjú láti bá a gbé apá náà sókè, apá ò gòkè. Ńṣe ni gbogbo èjìká gbéra lọ́wọ́ kan bí ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn mọ́ férémù.

Àwọn oníbàárà ò dákẹ́. Ẹnì kan ní òtútù ni. Ẹnì kan ní ọjọ́ orí ni. Ìyá arúgbó kan tó wá fọ irun sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ti so apá obìnrin yìí ni."

Ìyàwó ló ń gbé omi kaná. Òun ló ń rẹ tọ́wẹ́ẹ̀lì sínú omi gbígbóná, tó ń fún un, tó ń fi í lé èjìká Ọ̀gá. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀, yóò lọ." Lábẹ́ ìka rẹ̀, èjìká náà le bí igi. Ayọ̀ kan ń ta á nínú, ẹ̀rù kan sì ń gun ayọ̀ náà lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

Àwọn tó ń dúró de Ọ̀gá wá jókòó sórí àga kejì. Wọn ò ní ibi tí wọ́n tún ń lọ.

*

Nígbà náà ni Màmá dé, ìyá tó bí Ọ̀gá, tó sì bí ọkọ Ìyàwó. Arúgbó tín-ín-rín tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo èjìká ọmọ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣáájú wọn dé ṣọ́ọ̀bù, ó wọ́n omi kan sí ẹnu ọ̀nà. Omi náà ò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tètè mu ún.

Oníbàárà àkọ́kọ́ tẹ omi náà kọjá. Ẹnì kejì tẹ̀ ẹ́ kọjá. Nígbà tí Ìyàwó dé, ó rí i, ó sì fo omi náà bí ẹni fo kòtò.

Màmá jókòó sórí ìjókòó àwọn oníbàárà. "O fò," ló wí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Ta ló ní kí o fò?"

"Bàtà mi... mi ò fẹ́ kí bàtà mi tutù ni, Màmá."

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni Màmá ń jókòó sí látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó kọjú sí àga kejì, ó di ọwọ́ ọ̀tún ní ìkúùkù sórí itan. Bí wọ́n bá gbé omi fún un, ọwọ́ òsì ló fi ń gbà á. Bí oorun bá gbé e lọ, ìkúùkù náà kì í tú. Ìyàwó ń dirun, ojú rẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Ní ọ̀sán kan ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

"Ọwọ́ mi ló wà lọ́wọ́ mi."

Màmá kan náà ló sì ní kí Ọ̀gá lọ sílé ìwòsàn. "Màá ṣe tèmi," ló wí. "Kí dókítà náà ṣe tiẹ̀. Ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó kì í béèrè orúkọ ẹni tó bu omi wá."

*

Ìyàwó tẹ̀ lé Ọ̀gá lọ. Ó ní òun ò lè jẹ́ kó dá lọ, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ ni kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Dókítà egungun náà jẹ́ obìnrin, kò nífẹ̀ẹ́ sí ìtàn gígùn. Ó mú apá náà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó fa àga súnmọ́ wọn.

"Nǹkan kan wà bí àpò tó yí oríkèé èjìká ká," ló ṣàlàyé. "Tiyín ti nípọn, ó sì ti sún kì. Òun ló di apá yín mú. Ó sábà máa ń mú àwọn obìnrin tó ti lé lógójì ọdún. Ó sì tún fẹ́ràn àwọn tí ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ?"

Ọ̀gá ò mọ̀. Òùngbẹ tó ń gbẹ ẹ́, ó ti rò pé ooru ni.

"Ta ló fà á?" ni Ìyàwó béèrè. Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Dókítà wò ó. "Ta ló fà kí ni?"

"Ti... ti èjìká yẹn."

"Nígbà míì, a kì í mọ̀," ni dókítà wí. Ó yíjú padà sí Ọ̀gá. "A máa tọ́jú ṣúgà náà kíákíá. A máa fún yín lábẹ́rẹ́ sí oríkèé yẹn, a ó máa ṣọ́ ṣúgà yín bí a bá ti fún yín, torí abẹ́rẹ́ náà lè gbé ṣúgà sókè fúngbà díẹ̀. Ẹ ó máa ṣe eré ìdárayá tí wọ́n bá kọ́ yín, jẹ́jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá fà á. Ó máa ń pẹ́, ó lè gba ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó sábà máa ń tú."

Ó máa ń tú. Ìyàwó rí agboòrùn dúdú náà lójú ọkàn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde síta, Ọ̀gá dúró lábẹ́ òrùlé ẹnu ọ̀nà, àpò oògùn lọ́wọ́ òsì.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó so apá mi, òun ló jẹ́ kí wọ́n rí ṣúgà tí ì bá pa mí. Bí mo bá rí i, mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ ṣe, bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni, àbí kí n gbá a létí."

Ó ń wo Ìyàwó bó ṣe ń sọ ọ́, kò ṣẹ́jú.

*

Ṣọ́ọ̀bù ti di ti Ìyàwó báyìí, bó ṣe fẹ́ ẹ. Orí lẹ́yìn orí, látìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn títí oòrùn á fi wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀. Òun ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi, òun ló ń fà á lé orí pẹpẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ọ̀gá ń dúró sí lójoojúmọ́, tó kọjú sí ògiri, tó ń fi ìka rìn gòkè lára ògiri náà bí aláǹtakùn, tó ń fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu nítorí ìrora. Màmá wà lórí ìjókòó, ìkúùkù rẹ̀ wà lórí itan.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ìyàwó gbé ọwọ́ ọ̀tún láti pa fèrèsé dé. Nǹkan kan gé e jẹ níbi èjìká.

Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e sókè. Ó tún gé e jẹ, ní ibi kan náà gan-an. Ó yíjú. Màmá ń wò ó. Ìkúùkù náà ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ń mí.

Ìyàwó ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ta ni yóò fẹ̀sùn kàn, tí wọn ò ní bi í ní ohun tóun ṣe? Ó ń fi róòbù pa á níkọ̀kọ̀, ó ń gbé oògùn ìrora mì, ó sì ń dirun lọ. Bí ó bá fẹ́ gbé gíláàsì omi, ọwọ́ òsì ló ń fi gbé e.

Òjò dé. Ọkọ rẹ̀ ń wá ohun tí yóò fi borí lọ síbi iṣẹ́, ó na ọwọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fa agboòrùn dúdú kan yọ.

"Irú èwo rèé? Aṣọ wo ni wọ́n fi dì í báyìí?"

"Má ṣí i!"

Igbe náà le tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi béèrè láti ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri pé ṣé kò sí o. Ọkọ rẹ̀ gbé agboòrùn náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo aṣọ búlúù tó wà lára rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Ó rìn jáde sínú òjò láìfi nǹkan kan borí.

Kò pẹ́ sígbà náà, Ìyàwó darí délé ní ọ̀sán. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn, nítorí pé ó wà ní títì bó ṣe fi í sílẹ̀. Àárín yàrá ni agboòrùn náà wà. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó dojú délẹ̀ bí àdán tó na ìyẹ́. Aṣọ búlúù kò sí lára rẹ̀.

Ìyàwó fò mọ́ agboòrùn náà, ó ń gbìyànjú láti pa á dé, irin rẹ̀ ń dún, kò gbà. Ó gbé e sókè, ó fi gbogbo agbára tì í. Èjìká rẹ̀ tún gé e jẹ, èyí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Ìyàwó sọ agboòrùn náà sílẹ̀, ó sì ṣubú.

Ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ìka Ọ̀gá gun ògiri dé ibi tí kò tíì dé rí. Ọ̀gá dúró, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lókè níbẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ò sunkún. Ìyàwó wo itan Màmá. Ọwọ́ arúgbó náà ti tú. Kò sí nǹkan kan nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

*

Nígbà tí Bàbá Agboòrùn rí agboòrùn tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìyàwó, ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri.

"Ta ló ṣí i?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ilẹ̀kùn mi wà ní títì."

"Ṣé ó ti ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí gan-an ni."

"Apá ọ̀tún?"

Ìyàwó mi orí pé òun ni. Ọkùnrin náà gbé e jókòó sórí ilẹ̀, ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ ti abíyá rẹ̀. "Ó ti ń wọ inú egungun," ló ń wí. "A ní láti fà á jáde. Fi eyín di aṣọ mú."

Ó fà á.

Ìró kan dún bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ tó gbó ya. Ìyàwó gbọ́ ọ kó tó mọ ìrora rẹ̀, nígbà tí ìrora náà sì dé, yàrá náà dúdú lójú rẹ̀. Nígbà tó lajú, apá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ó ní kó gbéra. Apá ò gbọ́.

Bàbá Agboòrùn ti ń kó nǹkan rẹ̀ sínú àpò. "Ọwọ́ tó wà lẹ́yìn èyí ju tèmi lọ," ló wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́, o ò mọ̀ mí."

*

Dókítà egungun kan náà ló wò ó. Ó gbé fọ́tò tí wọ́n yà síwájú ìmọ́lẹ̀.

"Iṣan tó ń gbé apá sókè ló já," ló wí. "Ó ti ń gbó tẹ́lẹ̀. Bí èèyàn bá ń gbé ọwọ́ sókè látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìsinmi, tó sì ń gbé ẹrù tó wúwo, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Bí ẹ bá ti wá nígbà tó kọ́kọ́ ń dùn yín, ó ṣeé ṣe kí ìsinmi àti eré ìdárayá ti tó fún un. Àmọ́ ẹnì kan fi ipá fà á. Ta ni?"

Ìyàwó yíjú sí ògiri.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n rán iṣan náà padà, wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ mọ́ àyà, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ fi gbé ohunkóhun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò tíì dá wọn lójú bóyá yóò padà tó ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, kò jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá wọlé. Ó gbé àpò rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó yọ òòyà kan jáde.

"Irun ẹ ti rí wúruwùru," ló wí. "Dìde jókòó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe ìyọnu..."

"Mo ní dìde jókòó."

Ìyàwó jókòó. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Apá ọ̀tún náà gòkè, kò tíì yá bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gòkè. Òòyà wọ inú irun. Ọwọ́ náà rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀, kò fa irun kankan, kò dunni níbì kankan, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Ìyàwó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

"Fún kí ni?"

Ìyàwó ò lè sọ ọ́.

"Ó dáa," ni Ọ̀gá wí. "Bó o bá lè sọ ọ́, á jẹ́ pé mo gbọ́."

Ó ya irun náà tán. Ó fi ìka kó èyí tó bọ́ sẹ́nu òòyà, ó ká a rìgìdì, ó mú áńkáṣíìfù funfun kan jáde, ó di irun náà sínú rẹ̀, ó ta á ní kókó. Ó fi í sínú àpò, ó sì fa síìpù àpò náà.

"Ẹ̀gbọ́n." Ìyàwó yíjú sí àpò náà. "Kí lẹ fẹ́ fi irun yẹn ṣe?"

Ọ̀gá gbé àpò kọ́ èjìká ọ̀tún rẹ̀. "Irun wo?" ló béèrè, ó sì jáde.

Ìyàwó fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Apá kan wà ní síso mọ́ àyà rẹ̀, ìkejì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ omi. Ó ń pe nọ́ọ̀sì, ó ń pè é, títí obìnrin náà fi wọlé, tó ṣàyẹ̀wò okùn omi, tó sì dúró wo orí rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ẹ wo bí irun yín ṣe dára," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀gbọ́n yín mà fẹ́ràn yín o. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun á máa wá lójoojúmọ́."